Ìwé Gbèsè Bàbá Mi

Ìwé kékeré kan wà nínú àpótí mi tí n kò lè sọ nù. Pupa ni èèpo rẹ̀ nígbà kan, ṣùgbọ́n ó ti pàwọ̀ dà báyìí bí ilẹ̀ ojúde. Bàbá mi ló ni ín. Àwọn tó jẹ ẹ́ lówó aṣọ ní ọjà Tamale, ní àríwá ilẹ̀ Gánà, ló wà nínú rẹ̀. Kò mọ orúkọ púpọ̀ nínú wọn, àpèjúwe ló fi ń dá wọn mọ̀: "Ìyàwó kékeré alápatà." "Baba onírùngbọ̀n ará Savelugu." "Ṣọ́jà tó máa ń rẹ́rìn-ín." Iye yáàdì aṣọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, iye owó tẹ̀lé e, ó sì fa ìlà sórí àwọn tó ti san. Bẹ́ẹ̀ ni ìlà ń lọ láti ojú ewé dé ojú ewé, títí dé oṣù kọkànlá ọdún 1969. Láti ibẹ̀ lọ, ìlà kò tó nǹkan mọ́.

Tamale ni wọ́n bí mi sí, ní 1959. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá àti ìyá mi. Bí mo bá sọ báyìí fún àwọn ọmọ ìsinsìnyí, wọ́n á bi mí pé kí ni ará Ògbómọ̀ṣọ́ lọ ṣe lọ́hùn-ún. Ìbéèrè náà tọ́, nítorí kò sí ẹni tí í ṣàdédé gbé ẹrù lé orí kó sì rin ìrìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Ìlú tó kún ni Ògbómọ̀ṣọ́. Nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé tú ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ọ̀pọ̀ ìlú kéékèèké tó wà ní àgbègbè náà ló sá wọ inú odi rẹ̀. Ogun parí, ọ̀pọ̀ èrò kò padà. Oko jìnnà sílé, ilẹ̀ ọ̀dàn sì ni. Kòkó tó ń sọ àwọn ará Ìbàdàn àti Oǹdó di olówó kò gba ibẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ojú irin dé. Ó kúrò ní Ìbàdàn, ó yà sí Òṣogbo ní 1907, ó gba Ọ̀ffà lọ sí Ìlọrin, ó fi Ògbómọ̀ṣọ́ sílẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ìlú tí àwọn oníṣòwò ẹlẹ́rù orí ti máa ń sùn, tí wọ́n ti ń jẹun, tí wọ́n ti ń náwó, ọ̀nà wá yà kúrò lára rẹ̀. Aṣọ tí àwọn bàbá ń hun ló kù lọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́kùnrin. Wọ́n dì í, wọ́n rù ú, wọ́n dorí kọ ìwọ̀ oòrùn: ilẹ̀ Ìbàrìbá, Djougou, Yendi, Salaga. Ọ̀nà àwọn oníṣòwò obì àtijọ́ ni. Wọn kọ́ ni wọ́n là á. Kì í sì í ṣe Ògbómọ̀ṣọ́ nìkan. Ọ̀ffà lọ, Ìlọrin lọ, Ṣakí, Ìgbòho, Ìgbẹ́tì, Ìníṣà, Èjìgbò, gbogbo wọn lọ.

Ọdún 1907 yẹn náà ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì kó olú ibùjókòó ìjọba wọn fún àríwá Góòlù Kóòsì, ìyẹn Gánà òde òní, kúrò ní Gambaga wá sí Tamale. Ṣọ́jà dé, akọ̀wé dé, òṣìṣẹ́ ojú ọ̀nà dé. Owó wọ ọwọ́ wọn, wọ́n sì ń wá ohun tí wọ́n máa rà. Ibẹ̀ ni àwọn ẹlẹ́rù orí wa dúró. Owó pàápàá kò dí wọn lọ́wọ́. Láti 1912 ni ìgbìmọ̀ kan ṣoṣo ti ń tẹ owó fún gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, títí Gánà fi ṣe owó tirẹ̀ lẹ́yìn òmìnira 1957. Ṣílè tí ènìyàn fi ra aṣọ ní Ògbómọ̀ṣọ́ náà ni yóò gbà lọ́wọ́ ẹni tó bá rà á ní Tamale.

Orúkọ tí wọ́n ń pè wá ti ṣáájú wa débẹ̀. Ní James Town, ní Akra, àdúgbò kan wà tó ń jẹ́ Ngleshie Alata. Àwọn òṣìṣẹ́ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì kó wá láti apá Allada, ní etíkun tó di ti Dàhòmì, láti wá kọ́ odi James Fort ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ dó. Nígbà tó yá, Alata di orúkọ tí àwọn ará Gánà ń pe Yorùbá, àti ará Nàìjíríà lápapọ̀. Ọṣẹ dúdú tí ìyá mi ń tà, "alata samina" ni wọ́n ń pè é, ìyẹn ọṣẹ àwọn Alata. Orúkọ rẹ̀ nìyẹn títí dòní. Ó wà lára páálí tí wọ́n fi ń tà á ní Lọ́ńdọ̀nù àti ní Amẹ́ríkà. Bí mo bá rí i, ìyá mi ni mo máa ń rántí, bó ṣe ń fi okùn gé ọṣẹ náà ní ègé ègé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe ń dé ibẹ̀ gan-an, nítorí àwọn ìwé tó sọ̀rọ̀ nípa wa fẹ́ràn láti ka iye orí, wọn kì í sì í pẹ́ nídìí bí orí kan ṣe ń fa èkejì. Ìgbà ogun Hítílà ni bàbá mi lọ, ọmọdé tí irùngbọ̀n kò tíì hù. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Àgbà, ló wá mú un nílé lẹ́yìn ọdún Kérésì. Ọdún méje ló fi sìn ín. Kò gbowó oṣù. Ó ń jẹ níbẹ̀, ó ń sùn sí ẹnu ọ̀nà ìsọ̀, aṣọ ọdún ń dé ọrùn rẹ̀, ó sì ń kiri. Ọjọ́ mẹ́fà mẹ́fà ni àwọn ará Dagbon, ilẹ̀ àwọn Dagomba tó yí Tamale ká, ń ná ọjà wọn, nítorí náà bí ó ti ń ti Savelugu bọ̀ ni yóò máa múra Tolon, tí ó bá ti Tolon dé yóò di Kumbungu. Ẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ fi ń rìn ín, lẹ́yìn náà kẹ̀kẹ́. Abẹ́rẹ́, òwú, dígí, ìlẹ̀kẹ̀, abọ́ tánganran, lẹ́yìn náà aṣọ. Ó kọ́ èdè Haúsá láàárín ọdún kan, ó kọ́ Dagbani láàárín méjì. Ó mọ ìgbà tí àgbẹ̀ máa ń tajà oko rẹ̀, ó sì mọ̀ pé kí ìgbà náà tó dé, àwìn nìkan ni ènìyàn lè tà.

Nígbà tí ọdún méje pé, Bàbá Àgbà pe àwọn àgbà Ògbómọ̀ṣọ́ jọ sí ìyẹ̀wù rẹ̀. Wọ́n gbàdúrà, ó yọ owó, ó yọ ìdì aṣọ mẹ́rin, ó ní kí bàbá mi lọ dá dúró. Ìsọ̀ tó gbà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀ gan-an. Ó mú un dé ọ̀dọ̀ oníṣòwò ńlá tó ń kó aṣọ fún un ní Kumasi, ó ní, "Ọmọ mi nìyí." Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré, òun ló dúró fún ìwé àdéhùn. Láti ọjọ́ náà bàbá mi lè kó ọjà láìsanwó, kó tà á, kó padà wá san. Ó lọ sílé, ó gbé ìyá mi níyàwó, ó mú un bọ̀. Kò pé ọdún mẹ́ta tó fi ránṣẹ́ pe àbúrò rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ìsọ̀ kan ṣe ń di méjì, tí méjì ń di márùn-ún, tí ìlà kan gbáko ní ọjà Tamale fi di ọmọ agbo ilé kan náà láti Ògbómọ̀ṣọ́.

Ìyá mi kì í ṣe ọmọ ìsọ̀ bàbá mi o. Ọkọ ló fún un lówó ìbẹ̀rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àṣà wa, ṣùgbọ́n èrè rẹ̀, tirẹ̀ ni. Ṣúgà oníhóró, iyọ̀, tòmátì agolo, ọṣẹ, ìyẹn ni ọjà tirẹ̀. Bí mo bá ti ilé ẹ̀kọ́ dé, igbá á ti wà nílẹ̀. "Dasiba" ni mo máa ń kí àwọn ìyá Dagomba láràárọ̀ kí n tó lọ sílé ìwé. Mo mọ̀ ọ́n kí n tó mọ "Ẹ káàárọ̀" dáadáa. Alájọ ń yí ká ọjà ní ìrọ̀lẹ́. Àwọn ará Gánà ń pe irú iṣẹ́ yẹn ní "susu", àwọn tó ṣèwádìí rẹ̀ sì sọ pé èsúsú tiwa ló di bẹ́ẹ̀ lẹ́nu wọn.

Ní Akra, àwọn ará wa pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń pe odidi àdúgbò kan ní Lagos Town. Accra New Town ni wọ́n ń pè é báyìí. Ní tiwa ní Tamale, Dagomba ni onílé wa, ìdílé Mossi kan wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kejì, Yorùbá ló gba yàrá tó kù. Ọjọ́ Àìkú la máa ń rí ara wa ní kíkún. Àwọn oníṣòwò láti Ògbómọ̀ṣọ́ gbé ìjọ Onítẹ̀bọmi lọ́wọ́ lọ síbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìjọ náà ní Gánà ló jẹ́ pé Yorùbá ni wọ́n fi ń kọrin, Yorùbá ni wọ́n fi ń wàásù. Lẹ́yìn ìsìn, Pàràpọ̀, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, á jókòó. Wọ́n á dáwó ilé ìwé tí wọ́n ń kọ́ nílé, wọ́n á làjà láàárín tọkọtaya, wọ́n á wá owó mọ́tò fún ẹni tí ìyá rẹ̀ kú.

Ohun kan wà tí ó yẹ kí n sọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn àgbà wa kì í fẹ́ gbọ́ ọ. Okùn tó fà wá débẹ̀, tí ẹ̀gbọ́n fi ń fa àbúrò, kò sí àyè fún ọmọ Dagomba nínú rẹ̀. N kò rí ọ̀kan nínú wọn tó wá sìn ní ìsọ̀ ìlà wa kí wọ́n tó yọ owó fún un. Aláàárù ni wọ́n, oníbàárà ni wọ́n, onílé wa ni wọ́n. Ẹni tó bá fẹ́ dá ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ nínú wọn kò ní ẹni tí yóò mú un dé Kumasi, kó sọ pé, "Ọmọ mi nìyí." A kò ṣe é láti fi ìyà jẹ ẹnikẹ́ni. Ọmọ tiwa la fẹ́ gbé dìde. Ṣùgbọ́n bí ọmọ ìlú bá dúró ní ẹnu ọjà ìlú rẹ̀, tí ó wo ìlà tiwa láti òkè dé ìsàlẹ̀, ògiri ló ń rí.

Ìkìlọ̀ ti ń bọ̀ tipẹ́. Ní oṣù kẹjọ 1957, kò tíì pé oṣù mẹ́fà tí Gánà gba òmìnira, ìjọba Nkrumah lé Amadu Baba, olórí Zongo, àdúgbò àwọn àlejò ní Kumasi, àti Larden Lalemi kúrò nílùú nítorí òṣèlú, wọ́n kó wọn lọ sí Kano. Bàbá Àgbà ní ọ̀rọ̀ òṣèlú nìyẹn, kò kan oníṣòwò. Nígbà tí wọ́n ka ènìyàn ní 1960, nǹkan bí 100,000 Yorùbá ni wọ́n kà ní Gánà. Lẹ́yìn náà owó kòkó já wálẹ̀, gbèsè gun ìjọba lórí, iṣẹ́ wọ́n fún àwọn ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ìwé. Ta ni wọ́n máa kọ́kọ́ wò bí kì í ṣe àwọn tó ń tajà?

Ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kọkànlá 1969 ni ìjọba Busia pàṣẹ pé àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbé ní láti gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí kó máa lọ. Rédíò onílé wa la ti gbọ́. Bàbá mi kò ní ìwé kankan. Kò sí ẹni tó bi í léèrè rẹ̀ rí láti ọjọ́ tó ti sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀ níbẹ̀.

Ohun tí mo rántí jù ni pé bàbá mi kò dúró di ẹrù. Ó fi ìsọ̀ sílẹ̀ fún ìyá mi, ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó mú ìwé pupa yìí, ó lọ ń sin gbèsè. Ọjọ́ mẹ́wàá ló fi yí gbogbo ọjà tó ti kiri nígbà èwe rẹ̀ ká. Gbogbo owó rẹ̀ wà lọ́wọ́ ènìyàn. Ìyẹn ni ohun tí àwọn tó rò pé a di wúrà mọ́ inú ìrọ̀rí kò mọ̀: ọrọ̀ oníṣòwò wa kì í ṣe ohun tó lè gbé. Nínú ọjà, ìyá mi ń ta ìdì aṣọ ní iye tí wọ́n bá pè. Àwọn kan rà á pẹ̀lú ìtìjú, wọn kò lè wo ojú rẹ̀. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Baba onírùngbọ̀n ará Savelugu kò ní owó lọ́wọ́. Ó gbé awó mẹ́ta wá lórí kẹ̀kẹ́, ó dè wọ́n lẹ́sẹ̀, ó jókòó sí ẹnu ìsọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Bàbá mi fa ìlà sórí rẹ̀. Ìlà yẹn wọ bébà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ya á.

Lọ́rì ló gbé wa. Owó ọkọ̀ ti di ìlọ́po mẹ́ta. A gba Yendi jáde, a la Tógò kọjá, a sùn sí etí ọ̀nà ní Parakou lálẹ́ méjì, a gba Ṣakí wọlé. A fi sàréè Bàbá Àgbà sílẹ̀ ní Tamale. A jẹ awó kejì ní Djougou.

Ní Ògbómọ̀ṣọ́ wọ́n ń pè wá ní "àwọn ará Gánà". Ilé tí bàbá mi ti ń fowó ránṣẹ́ kọ́ kò tíì lórùlé, nítorí náà ìdílé mẹ́ta la pín yàrá méjì ní agbo ilé. Àwọn ọmọ ilé ìwé ń fi Yorùbá mi ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n ìṣòro tòótọ́ ni ti ọjà. Ọgọ́rọ̀ ènìyàn dé lẹ́ẹ̀kan náà, iṣẹ́ kan ṣoṣo ni gbogbo wọn mọ̀, wọ́n sì mọ̀ ọ́n dáadáa. Ta ni yóò rà lọ́wọ́ ta ni? Ọkùnrin tó ti ní ọmọ ìsọ̀ mẹ́fà di ẹni tó ń kiri sálúbàtà. Àwọn tó ṣì lágbára kò dúró. Àwọn kan gba Kàdúná lọ, àwọn kan gba Èkó, àwọn kan padà sójú ọ̀nà ìwọ̀ oòrùn, wọ́n fo Gánà, wọ́n dé Abidjan. Àwọn ará Èjìgbò ti wà níbẹ̀ ṣáájú. Títí dòní, ẹni tó bá lọ sí ọjà Èjìgbò ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun yóò rí i pé wọ́n ń ná seefa, owó àwọn ará Abidjan, níbẹ̀ bíi náírà.

Ìbátan wa kan kò bá wa bọ̀ nítorí ọmọ Dagomba ló fẹ́. Ó wá kí wa ní 1972, lẹ́yìn tí àwọn ṣọ́jà gba ìjọba lọ́wọ́ Busia. Ó ní kí ọ̀sẹ̀ méjì náà tó pé ni wọ́n ti pín ìsọ̀ wa. Òfin mìíràn tún jáde ní 1970 tó fi irú òwò bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ fún ọmọ Gánà nìkan. Ṣùgbọ́n káńtà kò ní nǹkan lórí. Oníṣòwò Kumasi kò mọ àwọn tó gba ìsọ̀. Kò fún wọn láwìn, wọn kò sì lówó lọ́wọ́. Ó gba ọ̀pọ̀ ọdún kí àwọn náà tó ní ẹni tí yóò mú wọn dé ibẹ̀. Nínú oko kòkó ní gúúsù, àwọn alágbàṣe láti Upper Volta, Niger àti Tógò tí àṣẹ náà lé lọ kò sí nílẹ̀ mọ́ láti roko. Bàbá mi gbọ́ gbogbo rẹ̀. Kò yọ̀. Ó béèrè nípa ìyàwó alápatà.

Ní 1975 ni a kó lọ sí Múṣin, ní Èkó. Owó epo rọ̀bì ti dé, gbogbo ibi ni wọ́n ń kọ́lé, àwọn ará Gánà sì ń dé lójoojúmọ́: bíríkìlà, télọ̀, ṣúmékà, àwọn tó ń ṣe búrẹ́dì. Nígbà tí ìjọba ẹgbẹ́ òṣèlú UPN bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní 1979, ilé ìwé pọ̀ ju olùkọ́ lọ. Ará Gánà ló kọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ wa ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Bí àwọn tiwa ti ṣe ni wọ́n ṣe. Ẹnì kan gba yàrá, ó fi ránṣẹ́ pe àbúrò rẹ̀, títí ilé kan fi kún fún ọmọ ìlú kan. Télọ̀ kan wà ní òdìkejì ilé wa, ará Cape Coast. Bàbá mi máa ń lọ jókòó tì í ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n á máa sọ Twi tí bàbá mi kọ́ ní Kumasi.

Ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kìíní 1983 ni ìjọba Shagari ní Nàìjíríà kéde pé àjèjì tí kò ní ìwé gbọ́dọ̀ máa lọ. Ọ̀sẹ̀ méjì. Bàbá mi ní kí n pa rédíò. Àwọn ará Gánà nìkan nínú wọn tó nǹkan bíi mílíọ̀nù kan. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún tó ṣáájú ni Gánà ti ti ẹnubodè rẹ̀ pẹ̀lú Tógò pa, kò sì ṣí i títí di ìparí oṣù kìíní náà, nítorí náà èrò há sí ojú ọ̀nà Sẹ̀mẹ̀ àti Kútọnu, pẹ̀lú àpò onílà tí a wá sọ ní Gánà-mọ́ọ̀-gò. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ níbi tí wọ́n dé yàtọ̀. Wọ́n ń pè é ní "Onílé, bá mi gbé e rù."

Ní ọjọ́ kẹta, télọ̀ náà wọlé wá pẹ̀lú ìwé ilé ẹ̀kọ́ kan lọ́wọ́. Owó ìránṣọ tí àdúgbò jẹ ẹ́ ló wà nínú rẹ̀. Bàbá mi gbà á, ó ṣí i, ó wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ó wọ bùbá, ó dé fìlà, ó ní kó jẹ́ kí àwọn lọ. Ilé mọ́kànlá ni wọ́n yà. Bàbá mi ló ń sọ̀rọ̀ ní ẹnu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan. Ó ń sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ó sì ń dúró títí owó fi ń jáde. Ènìyàn mẹ́jọ san lọ́jọ́ náà. Télọ̀ náà fi ìwé sílẹ̀ fún un nítorí àwọn mẹ́ta tó kù, ó gbé maṣíìnì rẹ̀ lé èjìká, ó lọ.

Bàbá mi gba owó ẹni méjì kí ọdún tó parí, ó sì rí awakọ̀ tó bá a mú un dé Cape Coast. Ẹnì kẹta ti kó kúrò ní àdúgbò. Ìwé yẹn náà wà nínú àpótí mi, lábẹ́ èyí pupa, pẹ̀lú orúkọ kan tí kò ní ìlà.